Ọ̀fẹ́ Ọlọ́dọọdún

Gbólóhùn kan ló gbé mi kúrò ní Àbújá padà sí Kàbà, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló sì ti jáde. Ọ̀kadà ló gbá bàbá wa nítòsí ọjà. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n tò ó, dókítà sì ní kò gbọ́dọ̀ dá gbé mọ́. Ìyá wa ti kú ṣáájú ìgbà náà. Àwa ọmọ méjì péré ló kù tí a lè pín ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wa. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé Ìbàdàn, ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́ta, ó ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ta páìpù àti táǹkì omi. Èmi ò ní ìkankan nínú wọn. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ìwọ, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni tìẹ. Ibikíbi lo ti lè ṣe é."

Mo gbà. Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé mi ò tiẹ̀ jiyàn. Ọ̀rọ̀ náà dún bí òótọ́ létí mi, ó tún dà bíi pé ó fi yìn mí. Mo dé Kàbà pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù méjì àti àpótí aṣọ kan. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ fi rí i pé ibikíbi kọ́ ni ibi gbogbo. Bí wọ́n bá pe ìpàdé orí kọ̀ǹpútà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, iná á lọ. Ọjọ́ tí méjèèjì bá wà, bàbá mi á pè mí kí n wá gbé òun dìde. Wọ́n kọ̀wé sí mi, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gidigidi, wọ́n ní kí n máa lọ.

Bí mo ṣe padà sínú yàrá tí mo ti ń sùn nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama nìyẹn. Ibùsùn náà kúrú fún mi. Àwọn ará àdúgbò ń kí mi bí mo bá jáde lọ ra oògùn: "Òkun o. Bàbá ńkọ́? O ṣeun, ọmọ gidi ni ọ́." Òkun ni àwa ará ibẹ̀ fi ń kí ara wa láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, lẹ́nu iṣẹ́, nínú ọ̀fọ̀. Ìkíni náà dùn mọ́ mi. Àmọ́ "ọmọ gidi" yẹn, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ ni mo ń mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n ti tún ìlẹ̀kùn tì. Ta ni wọ́n á yìn báyìí, tí olúwa rẹ̀ á wá sọ pé òun ń lọ?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Àbújá ló sọ fún mi nípa ọ̀fẹ́ náà. Oríṣi Línúùsì kan wà tí báńkì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń lò, òun ló ń darí ẹ̀rọ wọn. Owó gọbọi ni wọ́n ń san lé e lórí lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní ètò kan fún ẹni tó bá fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ nílé ara rẹ̀: ó kàn máa forúkọ sílẹ̀, wọn ò ní gba kọ́bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Ọdún kan ni. Ọdún bá pé, wọ́n á ní kó wọlé wá, kó tún tẹ "mo gbà", wọ́n á sì fún un ní ọdún mìíràn. Ó lè fi sórí ẹ̀rọ títí dé mẹ́rìndínlógún.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà béèrè iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Mi ò níṣẹ́. Mo wo àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n tò síbẹ̀ pé kí n mú ọ̀kan, mo mú "developer", ìyẹn ẹni tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Láti fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ Línúùsì náà wá sílé gba ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀yìn táǹkì omi nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lágbára nínú ọgbà wa, ibẹ̀ ni mo jókòó sí lórí búlọ́ọ̀kù méjì, tí mò ń wo ìlà kan tó ń gùn díẹ̀díẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Bàbá mi á yọjú láti ojú fèrèsé, á béèrè bóyá ó ti dé. Mo ní ó ku díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó ní, "Ṣé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni?"

Nígbà tí mo fi sórí láptọ́ọ̀pù tó dàgbà jù nínú méjèèjì, ó ní kí n fún ẹ̀rọ náà lórúkọ. Mo rò ó, mo sì fẹ́ kó máa kí mi. Mo tẹ "òkun". Kò gbà á, àmì orí ọ̀rọ̀ kò sí nínú ohun tó mọ̀. Mo bá tẹ̀ ẹ́ lásán, láìlámì. Bàbá mi wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, igi onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó fi ń rìn wà níwájú rẹ̀. Ó wọ díngí ojú, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Okùn," ó ní. "Kí lo fẹ́ fi so?"

"Òkun ni, Bàbá. Bí a ṣe ń kíra wa. Wọn ò gba àmì ni."

"Tò," ó ní. Àwọn ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní Kàdúná ló fi ọ̀rọ̀ Haúsá yẹn sí i lẹ́nu, òun ló sì fi ń parí ọ̀rọ̀ tí kò gbà gbọ́. "Okùn ló kọ síbẹ̀ o."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ òwe àwọn àgbà ti sọ sí mi lọ́kàn: adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Kì í kúkú ṣe èmi nìkan ni ara ń ni nínú ilé yẹn. Ọkùnrin tó ti fìgbà kan ní akọ̀wé méjì lábẹ́ ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń bá a bọ́ ṣòkòtò báyìí.

Ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ ìjọba rẹ̀, ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Lọ́kọ́ja ló ti ṣe é, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti wọlé. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ka ìwé tí àwọn tó fún mi ní nǹkan ọ̀fẹ́ kọ sí mi. Mo ṣí ímeèlì náà fún un. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Developer, wọ́n kí mi káàbọ̀. Ọ̀fẹ́. Mẹ́rìndínlógún. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Lójú ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kó fáìlì ilẹ̀, dìfẹ́lópà kì í ṣe ohun mìíràn ju ẹni tó ń ra ilẹ̀ tó ń kọ́ ilé sí i lọ. Nígbà tí mo mú un lọ sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, mo dúró síta pẹ̀lú ọlọ́kọ̀ tó gbé wa. Nínú ìpàdé yẹn, bí mo ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn, ni bàbá mi ti dìde pẹ̀lú igi onírin rẹ̀, tó sọ pé àwọn òyìnbó ti fi ọmọ òun ṣe dìfẹ́lópà, àti pé ilé mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fún un láyè láti kọ́kọ́ kọ́.

Ọ̀sẹ̀ kò tíì yí po tí àgbàlagbà kan fi ti Odò-Apẹ dé. Ó ká ìwé ilẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú. "Òkun o, dìfẹ́lópà," ó ní. Mo wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo òrùlé.

Mo fún àgbàlagbà náà ní omi, mo sì ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù pé èmi kì í ra ilẹ̀, pé inú kọ̀ǹpútà ni ohun tí mò ń kọ́ wà. Ó gbọ́ mi tán.

"Ohun tí o ń kọ́ yẹn, orí kí ló dúró lé?"

"Orí ẹ̀rọ ni, bàbá."

"Ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Orí tábìlì."

"Tábìlì ńkọ́?"

"Orí ilẹ̀," mo ní.

"Ohun tí mo kúkú ń sọ nìyẹn," ó ní, ó sì tẹ́ ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sórí itan.

Ó gbà kó tó lọ pé kò sí ọjà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin mìíràn tún wá lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti Ifẹ̀-Olúkòtún wọ mọ́tò méjì kó tó débẹ̀. Inú bí mi. Mo sọ fún bàbá mi pé kó padà lọ sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé òun ṣì mí gbọ́. Kò bínú. Ó ní kí n ran òun lọ́wọ́ dé ẹ̀yìnkùlé. Ó fi igi onírin rẹ̀ nà síwájú, ó fi hàn mí láti ìdí igi máńgòrò dé ibi tí ògiri aládùúgbò wa ti bẹ̀rẹ̀.

"Bí o ò bá ra tẹnikẹ́ni, ìyẹn rèé. Mo ti fún ẹ. Kọ́ ulé tìẹ síbẹ̀."

Ulé ni ilé lẹ́nu tiwa. Bàbá tó bá dìde fún ọmọbìnrin ní ilẹ̀ nígbà tí akọ ọmọ ṣì wà, ó ṣe ohun tí wọ́n á máa sọ títí. Mo mọ bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí koríko, mo dúpẹ́. Nígbà tí mo wọ yàrá mi, mo jókòó sórí ibùsùn kúkúrú yẹn, ẹ̀rù sì bà mí. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ilẹ̀, wọ́n ti fi ibi tó máa kú sí hàn án nìyẹn.

Mo wá gbájú mọ́ iṣẹ́ náà. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti wẹ̀ fún bàbá mi tán, tí mo ti fún un ní oògùn àti oúnjẹ, mo máa ń ba ẹ̀rọ mi jẹ́ fúnra mi, kí n lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Màá ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ara mi síta, màá wá ọ̀nà wọlé. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀rọ kéékèèké sínú ẹ̀rọ kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa rò pé òun dá wà. Mo forúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀fẹ́ mi títí wọ́n fi pé mẹ́fà. Ẹ̀rọ mẹ́fà nínú yàrá kan, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò sí èyí tó ń lọ síbì kankan nínú wọn. Ọdún àkọ́kọ́ pé, mo wọlé, mo tẹ "mo gbà". Ọdún kejì pé, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà kejì yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé òun ni mo fi ń ka iye ọdún tí mo ti lò nílé.

Ọdún kẹta ku díẹ̀ kó pé nígbà tí mo rí iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan ní Àbújá dán mi wò láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, orí irú Línúùsì yẹn gan-an. Ìdí táǹkì omi ni mo jókòó sí. Gbogbo ohun tí wọ́n bà jẹ́ fún mi kí n tún ṣe, mo ti ba irú rẹ̀ jẹ́ rí nínú yàrá mi. Wọ́n gbà mí. Àmọ́ inú gbọ̀ngàn tí wọ́n to ẹ̀rọ wọn sí ni iṣẹ́ náà wà, ẹni tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó lè fọwọ́ kàn wọ́n. Nínú gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó wà láyé, èyí tí kò ṣeé ṣe níbikíbi ni mo lọ rí. Wọ́n ní kí n dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó kí mi kú oríire. Ó wá ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kó o máa ṣe é láti ilé. Ṣebí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni." Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní, "Ta ló wá máa wà lọ́dọ̀ Bàbá?" Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń béèrè lóòótọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó burú. Mo ní mi ò mọ̀. Mo pa fóònù, mo lọ gún iyán, mo sì gún un ju bó ṣe yẹ lọ.

Mi ò sọ fún bàbá mi. Mo kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà pé ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ ẹbí ò ní jẹ́ kí n lè wá. Mi ò fi ránṣẹ́. Ó wà lójú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Màá kà á, màá tún ọ̀rọ̀ kan ṣe nínú rẹ̀, màá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rọ sọ fún mi pé ọ̀fẹ́ mi ń parí lọ́jọ́ náà. Bàbá mi rí i pé mo káwọ́ gbera, ó béèrè ohun tó dé. Mo ṣàlàyé bó ṣe ń lọ fún un.

"Bí o ò bá wá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ṣé á kú?"

"Kò ní kú, Bàbá. Á máa ṣiṣẹ́. Ohun tuntun kan ò kàn ní wọ inú rẹ̀ mọ́ ni."

Adìẹ kan gun orí àtẹ̀gùn, bàbá mi fi igi onírin lé e.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Èyí ló máa jẹ́ ìkẹta."

"Wọ́n ń bi ẹ́ léèrè lọ́dọọdún." Ó yọ díngí ojú rẹ̀, ó ń fi ìdí aṣọ nù ún. "Èmi ò bi ẹ́ rí. Ẹ̀gbọ́n ẹ náà ò bi ẹ́."

Mo ní kò sí wàhálà, Bàbá. Ó ní kí n má sọ pé kò sí wàhálà. Ó ní lẹ́tà tí mo kọ sí àwọn ará Àbújá, mo ti ń fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí láti ọjọ́ márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì ni òun sì fi jẹun fún gbogbo ọdún tí òun fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó ní kí n fún òun ní fóònù, kí n pe ẹ̀gbọ́n mi.

Mo pè é. Mo gbé fóònù náà lé e lọ́wọ́, mo sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta.

"Òkun o," bàbá mi ní. "Gbọ́. Ìwọ lo sọ pé usẹ́ ọmọ yìí, ibikíbi ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo ti rò ó. Kì í ṣe usẹ́ tirẹ̀. Tèmi ni. Àgbà tí ìbàdí ń dùn, ibikíbi ni wọ́n ti lè tọ́jú rẹ̀. Yàrá wo lo máa fún mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi wá ní, "Bàbá, mi ò gbọ́ yín dáadáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ò dára."

"Tèmi dára," bàbá mi ní. "Mo ń gbọ́ ẹ. Mo máa dúró."

Ó dúró lóòótọ́. Ó di fóònù náà mú sí etí, ó ń wo igi máńgòrò, títí ẹ̀gbọ́n mi fi sọ pé yàrá iwájú ni, wọ́n á kó ẹrù ọjà inú rẹ̀ kúrò. Mo sunkún. Mo fẹ́ sọ pé kó má lọ, mo tiẹ̀ ya ẹnu, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Mo ti bi ara mi léèrè ọ̀pọ̀ ìgbà bóyá òótọ́ ni pé mo fẹ́ sọ ọ́. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, bàbá mi kò sùn síta Kàbà rí, àfi ní ọsibítù.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọkọ̀ wá gbé e. Bàbá mi gbé igi onírin rẹ̀ lé itan bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ṣì jẹ́ tèmi, kí n má tà á fún dìfẹ́lópà kankan. A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì.

Mo wà ní Àbújá báyìí, nínú yàrá kan tí ibùsùn rẹ̀ gùn tó mi. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ náà wà lórí tábìlì. Bí mo bá ti ṣí i, orúkọ tí mo fún un ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ọjọ́ kejì tí Bàbá dé Ìbàdàn, ó jókòó sẹ́nu géètì, ó ń kí àwọn tó ń kọjá. "Òkun o." Ọkùnrin kan dúró, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá, kò sí òkun níbí o. Èkó ni òkun wà." Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò lè rín in.

Ọdún tún pé láìpẹ́ yìí, mo tẹ "mo gbà" kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo pe bàbá mi.

"Òkun o, Bàbá."

"Òkun, ọmọ mi," ó ní. "Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè bóyá mò ń jẹun. Ó ní àwọn ọmọ ń lọ sí ilé-ìwé dáadáa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe dáadáa sí òun, wọ́n sì fún òun ní fáànù. Ó wá ní, "Nǹkan tí o máa ń tẹ̀ lọ́dọọdún yẹn, o ti tẹ tọdún yìí?"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

"Tò." Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. "Tèmi yìí ńkọ́? Ìgbà wo ni tèmi máa pé ọdún, kí wọ́n bi mí, kí n sọ pé mi ò gbà mọ́?"

Mo ní, "Bàbá, mi ò gbọ́ yín dáadáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ò dára."

Ó ní kò burú, òun á tún pè. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára ní Àbújá lọ́jọ́ náà.